Ọwọ́ tó ń Pààrọ̀ Bátìrì Aago

Bí àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì wa bá bi mí pé iṣẹ́ wo ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, tí mo bá dáhùn pé bátìrì aago ọwọ́ ni mo ń pààrọ̀, wọ́n a wo ojú ara wọn. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé, tó ń ronú ohun tí yóò fi ayé rẹ̀ ṣe, bi mí láìpẹ́ yìí pé, "Màmá, ṣé ìyẹn náà lè gba gbogbo ayé èèyàn?" Kò fi ṣe àfojúdi, ó fẹ́ mọ̀ ni. Èsì tí mo fún un lọ́jọ́ náà kò tẹ́ èmi gan-an lọ́rùn. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí fún un, àti fún gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń wo iṣẹ́ yìí, tí ẹ ń wo tọ̀hún.

Fúnmiláyọ̀ ni orúkọ mi, ṣùgbọ́n Ìyá Dàpọ̀ ni wọ́n mọ̀ mí sí ní Barking, ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù. Èkìtì ni wọ́n bí mi sí. Mo tẹ̀lé ọkọ mi wá sí Lọ́ńdọ̀nù nígbà tí mo ṣì ń pọn Dàpọ̀, iṣẹ́ ìgbálẹ̀ ni mo sì kọ́kọ́ rí. Lára ibi tí mo ń gbá ni ṣọ́ọ̀bù kótópó kan lẹ́bàá ọjà East Street, níbi tí bàbá kan ará Ìjẹ̀bú, Ọ̀gá Odùsànyà, ti ń tún aago ṣe. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo bá a lórí ìkúnlẹ̀, ó ń wá sukúrù kan tó já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rí i lẹ́nu ọ̀nà, kò tó eyín ìkamùdù. Ó wò mí, ó bi mí bóyá mo mọ abẹ́rẹ́ lò. Mo ní ìlẹ̀kẹ̀ ni ìyá mi ń sín, èmi ni mo sì ń bá a fi òwú bọ̀ ọ́. Ó ní tí n bá ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé, kí n má mú ìgbálẹ̀ wá. Bí mo ṣe di ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ti owó tó ń san, ẹ jẹ́ ká fò ó, kò pọ̀, ebi kò sì pa wá.

Ọ̀gá mi le. Kì í pariwo, ì bá tilẹ̀ sàn kó máa pariwo. Bí o bá ṣe àṣìṣe, yóò gba aago lọ́wọ́ rẹ, yóò tú gbogbo ohun tí o ti tò palẹ̀, yóò gbé e padà síwájú rẹ, yóò sì lọ jókòó sídìí iṣẹ́ tirẹ̀ bí ẹni pé kò sẹ́lòmíì nínú yàrá. Fún ìgbà pípẹ́, aago tó ti kú pátápátá ló ń kó fún mi. Màá ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, màá yọ bátìrì, màá fi í padà, màá tì í. Ó di ọjọ́ kejì, aago kan náà. Mo sunkún nílé. Ọkọ mi ní bí iṣẹ́ náà bá sú mi kí n padà sídìí ìgbálẹ̀. Mo ní rárá, pé ohun tí bàbá yẹn ń rí tí èmi kò tíì rí, mo fẹ́ rí i.

Ohun tó ń rí nìyí. Gbogbo ayé gbà pé kò sí nǹkan kan nínú pípààrọ̀ bátìrì: yọ ti àtijọ́, ki tuntun bọ̀ ọ́, ó parí. Bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ aago tí wọ́n kó wá fún wa pé ó bàjẹ́, ẹni tó pààrọ̀ bátìrì rẹ̀ kẹ́yìn ló bà á jẹ́. Ọ̀gá kì í jẹ́ kí ìka lásán kan bátìrì, nítorí òróró ara ìka a máa jẹ́ kí agbára inú rẹ̀ jò lọ díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀mú oníke la fi ń mú un. Bí èyí tó ti kú bá ti ń sun omi, a kò ní fi tuntun lé orí ìdọ̀tí rẹ̀, a ó kọ́kọ́ nu ibẹ̀ mọ́. Rọ́bà róbótó tó ń dènà omi lẹ́yìn aago náà, a ó yẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá ti gan, a ó pààrọ̀ rẹ̀, nítorí oníbàárà tó ń fi aago fọ abọ́ kò ní mọ̀ pé rọ́bà gan títí omi yóò fi wọlé. "Ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́," ni Ọ̀gá máa ń wí, kò sì ní parí òwe náà, nítorí ó gbà pé ìyókù kò kàn wá.

Ṣùgbọ́n irú aago kan wà tí kò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn. Aago oníbátìrì lásán lè fi ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀díẹ̀ yẹ̀ láàárín oṣù kan, kò sì sẹ́ni tí yóò fura. Òkúta tín-ín-rín kan ló wà nínú wọn tó ń gbọ̀n, gbígbọ̀n rẹ̀ ni aago fi ń ka àkókò, òtútù àti ooru a sì máa da gbígbọ̀n náà rú. Àwọn aago àkàndá kan wà tó mọ̀ bí ara wọn bá gbóná tàbí bó bá tutù, tí wọ́n sì ń ṣàtúnṣe fúnra wọn. Bí ọdún bá yípo, ìyàtọ̀ wọn kì í ju ìgbà tí èèyàn fi ń sín lọ. Aago tí kì í yẹ̀ la máa ń pè wọ́n. Wọn kò wọ́pọ̀, ẹni tó bá sì ní i kì í fi í ṣeré. Nínú wọn ni wáyà kan wà tí wọ́n wé bí òwú, tó fúyẹ́ ju irun orí ọmọ tuntun lọ. Bí ẹnu ẹ̀mú bá yọ̀ tó kàn án, ó tán. Bí irú aago yìí bá dé, Ọ̀gá á ní kí n dìde níbi tábìlì, òun nìkan ni yóò ṣe é. Mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀ títí Dàpọ̀ fi wọ ilé ìwé gíga, èyí kò yí padà.

Ẹni tó ni aago tó gbajúmọ̀ jù nínú wọn ni Alàgbà Fámúyìwá. Alàgbà yìí ti wa ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, nígbà tó sì fẹ̀yìn tì, àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ para pọ̀ ra aago náà fún un. Àgbà ni nínú ìjọ aláṣọ funfun tí èmi náà ń lọ. Bí a bá ti bọ́ bàtà, tí a wọlé, òun ni yóò wo ọwọ́ rẹ̀, tí yóò mi orí, kí wọ́n tó lu agogo. Wòlíì gan-an a máa dúró dè é. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọ̀ọ̀kan, yóò fi aago náà wé ti rédíò. Ó ní kò tíì rí i kó yẹ̀ rí.

Ní òtútù ọdún kan, ó mú un wá fún bátìrì. Ọ̀gá Odùsànyà gbà á, ó ní kó padà wá lọ́jọ́ kejì. Lẹ́yìn náà ó ní kí n lọ bá òun ra búrẹ́dì lọ́jà. Ó yà mí lẹ́nu díẹ̀ nítorí búrẹ́dì wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ iṣẹ́ kì í bi ọ̀gá léèrè. Nígbà tí mo dé, ó jókòó, aago náà ṣí sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ó sì ki ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sábẹ́ tábìlì.

Ó ní, "Ó já."

Mo ki gíláàsì tó ń sọ nǹkan di ńlá bọ ojú, mo wò ó. Ẹ̀mú ti ya gba ẹ̀gbẹ́ wáyà náà kọjá, ó sì ti gé e. Ọ̀gá ti tẹ àwọn tó ń ta èèlò aago láago. Wọ́n sọ fún un pé ilé iṣẹ́ tó ṣe é kò ṣe irú rẹ̀ mọ́. Nígbà náà ló gbé ọwọ́ jáde láti bọ́ gíláàsì rẹ̀, mo sì rí i. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ń gbọ̀n bí ewé. Ó ti pẹ́ tí kì í mu tíì lójú mi mọ́, ààwẹ̀ ni mo rò pé ó ń gbà. Àṣé kò fẹ́ kí n gbọ́ bí kọ́ọ̀pù ṣe ń ró nínú àwo ni.

Ó fa dúrọ́ọ̀ yọ, ó mú ẹ̀rọ aago lásán kan jáde, irú èyí tó pọ̀ nílẹ̀. Ó ní yóò wọ inú rẹ̀, pé ojú aago kò ní yàtọ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò ní yàtọ̀. Ó sọ ọ́ láì wò mí. Ọkùnrin tó ń tú iṣẹ́ mi palẹ̀ nítorí eruku kan ṣoṣo ló ń sọ̀rọ̀ yìí. Inú kò bí mi. Ẹ̀rù ló bà mí, bí ìgbà tí èèyàn bá rí bàbá rẹ̀ tó ń sunkún.

Nígbà tí mo dé lọ́jọ́ kejì, ó ti wà níbẹ̀, aago náà sì wà bí mo ṣe fi í sílẹ̀. Kò tíì fi ẹ̀rọ lásán náà sí i. Mo kúnlẹ̀ kí i, n kò sì tètè dìde.

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká sọ fún un."

"Kí la fẹ́ sọ? Pé ọwọ́ mi ń gbọ̀n?"

"Pé wáyà já, sà."

"Yóò bèèrè ohun tó já a."

"Bó bá bèèrè, ẹ ó dáhùn."

Ó sọ fún mi pé ìyàwó òun kò tíì mọ̀. Ó ní ọjọ́ tí òun bá fi ẹnu òun sọ ọ́, iṣẹ́ parí nìyẹn, àti pé òun kò mọ ohun tí òun yóò máa jí ṣe. Mo sọ fún un pé ọjọ́ kìíní oṣù ń bọ̀, Alàgbà yóò sì tan rédíò. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a, irọ́ tiwa kò tilẹ̀ ní lò ju oṣù mélòó kan lọ. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kì í ṣe ìyẹn ló yí i lọ́kàn padà. Mo rò pé ó ti pinnu kí n tó dé, ó kàn fẹ́ kí ẹnì kan wà níbẹ̀ ni.

Alàgbà dé lọ́sàn-án. Ọ̀gá dìde dúró, ó sọ ọ́ tán láì fi bò. Alàgbà tẹ́tí sílẹ̀ bí ẹni ń gbọ́ ẹjọ́.

Ó bèèrè pé, "Ìgbà wo lọwọ́ yín ti bẹ̀rẹ̀?"

"Ó ti lé ní ọdún kan."

"Nígbà tí mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, bí ojú mi bá ń ṣe bàìbàì, tí mo sì ń wa ọkọ̀ tí èèyàn kún inú rẹ̀, tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni, kí lẹ ó pè mí?"

Alàgbà fi áńkáṣíìfù di aago náà àti gbogbo ohun tó tú nínú rẹ̀, ó sì jáde. Ó tilẹ̀ rọra pa ilẹ̀kùn dé, ìyẹn ló dùn wá jù.

Ní Ọjọ́ Ìsinmi, kò sí aago lọ́wọ́ Alàgbà. Ìsìn pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀. Mo jókòó lẹ́yìn, mo ń retí kí ọ̀rọ̀ wa bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láti ẹnu dé ẹnu, nítorí kò sí ìjọ tí òfófó kò sí. Ẹnì kan bi í pé aago rẹ̀ ńkọ́. Mo gbọ́ tó dáhùn pé ó ń sinmi. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, lọ́jọ́ náà tàbí lẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀gá lọ rí dókítà. Wọ́n fún un lóògùn, wọ́n sì sọ fún un pé ọwọ́ náà kò ní padà sí bó ṣe wà. Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀. Aago ògiri nìkan ló ń tún ṣe láti ìgbà náà, èmi ni mò ń ṣe èyí tó kéré, ṣùgbọ́n kò sí aago tí kì í yẹ̀ nínú wọn. A kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Nígbà mìíràn mo máa ń rò pé ó kórìíra mi.

Lẹ́yìn Àjíǹde, Alàgbà Fámúyìwá wọlé. Ó gbé páálí kékeré kan sórí tábìlì. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ti bá a wá irú aago náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì títí ó fi rí ọ̀kan rà nílùú òkèèrè. Gíláàsì rẹ̀ ti fọ́, ara rẹ̀ ti ha, ṣùgbọ́n wọ́n ní inú rẹ̀ pé.

Ó wí fún Ọ̀gá pé, "Mo ti rò ó. Kò sẹ́ni tó fipá mú yín sọ ọ́." Lẹ́yìn náà ó ní, "Ta ni yóò ṣe é?"

Ọ̀gá fi àgbọ̀n júwe mi. Alàgbà yí padà. Ìyá Dàpọ̀ tó ń bu ìrẹsì fún èrò lẹ́yìn ìsìn ló mọ̀.

"Ó ti ṣe irú rẹ̀ rí?"

"Rárá," ni Ọ̀gá mi wí. "Èmi náà kò ṣe é rí kí n tó ṣe àkọ́kọ́."

Alàgbà fa àga, ó jókòó. Ó ní òun yóò dúró wò ó.

Mo fọ ọwọ́. Mo jókòó sí àyè tí wọ́n ti máa ń ní kí n dìde. Ọ̀gá dúró lẹ́yìn mi, ó ki ọwọ́ bọ àpò. Mo tú èyí tí gíláàsì rẹ̀ fọ́, mo rọra gbé àwo tí wáyà rẹ̀ wà lára rẹ̀ jáde, bí ẹni gbé ẹyin jáde lábẹ́ adìẹ. Nígbà tí mo fẹ́ gbé e sínú ti Alàgbà, mo gbọ́ ohùn Ọ̀gá létí mi pé, "Mí." Àṣé mo ti sé èémí. Mo mí. Mo gbé e wọlé, mo de sukúrù, mo fi ẹ̀mú oníke ti bátìrì tuntun sí àyè rẹ̀.

Kò rìn. Ọwọ́ aago dúró gbọn-in. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tú u padà, Ọ̀gá sì ní, "Má tú u. O kò tíì jí i." Nígbà náà ni mo rántí ohun tó máa ń ṣe kẹ́yìn tí mo ń wò láti ọ̀ọ́kán: lẹ́yìn tí bátìrì bá ti wọlé, irú aago yìí ní ojú kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí a ó fi ẹnu ẹ̀mú irin so mọ́ orí bátìrì fún ìṣẹ́jú-àáyá kan tàbí méjì, kí ọpọlọ rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ lọ́tun. Mo fi ẹ̀mú kàn án, mo sì gbé e kúrò. Ọwọ́ aago fò lẹ́ẹ̀kan, ó sì ń lọ.

A tan rédíò, a dúró de ohùn tó ń kéde wákàtí, mo sì ti bọ́tìnnì aago wọlé bó ṣe dún kẹ́yìn. Mo to ọjọ́ àti ọdún rẹ̀, nítorí irú èyí mọ ọdún tí Èrèlé, oṣù kejì, máa ń fi ọjọ́ kan gùn, bí o bá sì purọ́ fún un lónìí, ìparí oṣù Èrèlé ni yóò tú àṣírí rẹ. Alàgbà fi aago sọ́wọ́. Ọ̀gá mi ni Alàgbà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe lọ́wọ́ mi. Mo rò pé ohun tó tọ́ ló ṣe. Nígbà tí Alàgbà padà wá lẹ́yìn oṣù kan, ó na ọwọ́ tó so aago náà mọ́ sí mi, ó ní, "Kò yẹ̀."

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Láti ọjọ́ yẹn la ti jọ ń ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ojú tirẹ̀ àti ọwọ́ tèmi, títí ó fi padà lọ sí Ìjẹ̀bú pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Ó kó gbogbo ẹ̀mú rẹ̀ fún mi. Ibẹ̀ ló kú sí, mo sì ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ bí bàbá.

Ìyókù kò gba àlàyé púpọ̀. Nígbà tí East Street kò gbà mí mọ́, mo kó lọ sí ìsọ̀ kékeré kan nítòsí ibùdókọ̀ Heathway. Ẹ̀rọ tó ń fi atẹ́gùn dán aago wò bóyá omi lè wọ̀ ọ́ dé, ó sì dára ju ìfura lọ. Gíláàsì ojú kan di awò tó ń gbé ohun tí mò ń ṣe jáde gàdàgbà bíi tẹlifíṣọ̀n, ó sì fi ọdún púpọ̀ kún iṣẹ́ mi. Lẹ́yìn náà ni fóònù gba iṣẹ́ aago ṣe. Aago tí wọ́n ń fi iná sí lálaalẹ́ dé, wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ ẹ̀yìn wọn pa, kò sẹ́ni tó ń retí kí ẹnikẹ́ni ṣí wọn. Mò ń gbẹ́ kọ́kọ́rọ́, mò ń pààrọ̀ okùn aago, kí ẹnu lè máa jẹ. Mi ò kábàámọ̀. Ṣùgbọ́n mi ò ní sọ fún yín pé iṣẹ́ yìí yóò bọ́ yín bó ṣe bọ́ mi. Ohun tí mo lè sọ ni pé, iṣẹ́ yòówù tí ẹ bá mú, ẹ wo ẹni tí yóò kọ́ yín. Ẹni tí kò bá lè tú iṣẹ́ yín palẹ̀ kò lè fi nǹkan kan lé yín lọ́wọ́. Kí ẹ sì bèèrè lọ́wọ́ ara yín bóyá ẹ ó lè dìde sọ ọ́ lọ́jọ́ tó bá bàjẹ́.

Kí n tó ti ìsọ̀ mi pa, aago Alàgbà tún fẹ́ bátìrì. Ó ti dàgbà gan-an, ó sì ti kó lọ sí ilé tuntun kan ní Riverside lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Èmi ni mo wọ ọkọ̀ ojú irin gbé e lọ fún un nígbà tí mo ṣe é tán. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ń wo ọkọ̀ ojú omi tó ń já èrò. Mo so ó mọ́ ọn lọ́wọ́, mo sì sọ fún un pé èyí tí mo ṣe kẹ́yìn nìyẹn, pé ẹnì kan wà tí mo ti bá sọ̀rọ̀ tí yóò máa bá a ṣe é.

Ó wo aago náà pẹ́. Ó ní, "Ṣé ọwọ́ tìrẹ náà ti bẹ̀rẹ̀ ni?"

"Rárá, sà. Ojú ni, kò sì tíì pọ̀."

"Ṣé èyí tí o ṣe yìí kò wá dára ni?"

"Ó dára, sà. Ìdí tí mo fi fẹ́ ṣíwọ́ báyìí nìyẹn."

Ó na ọwọ́ sí mi, mo rò pé ó fẹ́ kí n tún okùn aago náà fà. Ọwọ́ mi ló dì mú, kò sì tètè fi í sílẹ̀.